Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Lọ́sẹ̀: Ohun Tí Ọmọlangidi Kan Kọ́ Àwọn Agbẹ̀bí Haydom

Lóṣù kẹrin ọdún 2010, wọ́n kó àwọn agbẹ̀bí àti nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn Haydom jọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan. Ilé ìwòsàn ìjọ Lutheran ni Haydom, ní ìgbèríko apá àríwá Tànsáníà, ní ẹkùn Manyara. Ẹyọ iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ kọ́ wọn: ohun tí agbẹ̀bí yóò ṣe nígbà tí ọmọ bá jáde tí kò ké, tí kò sì mí. Wọ́n ti dán wọn wò lórí ọmọlangidi ṣáájú àkókò yẹn, ìdá 18 nínú 100 péré ló yege. Oṣù méje lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, wọ́n tún dán wọn wò. Ìdá 74 ló yege lọ́tẹ̀ yìí.

Ká ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tí mo mọ̀ ló rí irú èsì yìí, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Wọn ì bá kọ ìròyìn aládùn ránṣẹ́ sí ẹni tó gbówó kalẹ̀, wọn ì bá fi fọ́tò mẹ́rin sí i, kí wọ́n sì béèrè owó ọdún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí Haydom ti fi àwọn ènìyàn sínú yàrá ìgbẹ̀bí tọ̀sán-tòru, tí wọn kò ní iṣẹ́ méjì ju kí wọ́n wo ohun tí agbẹ̀bí ń ṣe sí ọmọ gidi, kí wọ́n sì kọ àkókò rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí àwọn wọ̀nyí kọ sílẹ̀ kò bá ti ìdánwò mu rárá. Iye ọmọ tí wọ́n fa omi kúrò lẹ́nu àti nímú wọn kò yí padà. Iye ọmọ tí wọ́n fi báàgì fún ní atẹ́gùn kò yí padà. Fífi ọwọ́ ra ẹ̀yìn ọmọ kí ó lè ta jí, èyí tó rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀, ńṣe ló tún dín kù. Àwọn olùwádìí náà kò fi bò. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2013, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkọlé ìwé wọn gan-an pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan mú iṣẹ́ orí ọmọlangidi dára, kò mú ìtọ́jú ọmọ gidi dára.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà dùn mí ni pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn sáré hun jọ. Helping Babies Breathe ni orúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà, American Academy of Pediatrics, àtàwọn alábàáṣe wọn ló gbé e jáde ní 2010 fún ibi tí dókítà kò ti pọ̀ tí ẹ̀rọ olówó ńlá kò sì sí. Olùkọ́ kan sí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ni wọ́n ṣètò rẹ̀ sí, ọmọlangidi kan fún ènìyàn méjì. Àwòrán ló pọ̀ jù nínú ìwé rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Pósítà ara ògiri rẹ̀ tẹ̀lé àwọ̀ iná tó ń darí ọkọ̀ lójú títì: ibi àwọ̀ ewé, ọmọ ń mí, gbé e fún ìyá rẹ̀, ibi yẹ́lò, ó kù díẹ̀ káàtó, ràn án lọ́wọ́, ibi pupa, ewu ti dé. Gbogbo rẹ̀ dá lé ìṣẹ́jú kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní ìṣẹ́jú wúrà: kí ìṣẹ́jú kan tó pé lẹ́yìn tí ọmọ jáde, ó ti gbọ́dọ̀ máa mí fúnra rẹ̀, tàbí kí ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí fi báàgì àti ìbòmú fún un ní atẹ́gùn. Ìṣẹ́jú náà kì í ṣe àsọdùn. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Haydom kan náà, tó jáde ní 2012, fi hàn pé bí wọ́n bá ti fi ìṣẹ́jú-àáyá 30 falẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ báàgì, ewu ikú ọmọ náà fi ìdá 16 nínú 100 lé sí i.

Ọmọlangidi náà fúnra rẹ̀ tó ohun àpéwò. NeoNatalie ni wọ́n ń pè é. Iléeṣẹ́ Laerdal ní Stavanger, lórílẹ̀-èdè Nọ́rwèy, ló ń ṣe é. Ohun ìṣeré ọmọdé ni bàbá tó dá iléeṣẹ́ yẹn sílẹ̀, Åsmund Laerdal, ń ṣe tẹ́lẹ̀, kó tó di pé ó ṣe Resusci Anne lọ́dún 1960, ère obìnrin tí gbogbo ayé fi ń kọ́ bí a ṣe ń jí ẹni tí mímí rẹ̀ dúró. Omi ni wọ́n máa ń rọ sínú NeoNatalie títí yóò fi wúwo tó ọmọ kílò méjì. Ọrùn rẹ̀ á máa yẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á máa já sílẹ̀ bí ti ọmọ tí kò lókun. Olùkọ́ ń tẹ rọ́bà kéékèèké tó mú kí okùn ìdodo rẹ̀ máa lù kìkì, tó mú kó mí, tó mú kó ké. Tí ìbòmú kò bá lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ dáadáa, àyà rẹ̀ kò ní gbé sókè. Kò sí olùkọ́ tó ní láti wá sọ fún ọ pé o ṣe é tàbí o kò ṣe é. Ojú ara rẹ lo fi ń rí i. Mo rò pé èyí ju gbogbo eré àti àtẹ́wọ́ tí wọ́n fi ń lé oorun lójú àwọn ènìyàn ní gbọ̀ngàn sẹ́mínà lọ. Àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́ kò nílò kí wọ́n dá a lára yá. Gbé iṣẹ́ tirẹ̀ síwájú rẹ̀, jẹ́ kí iṣẹ́ náà kọ̀ fún un, kí ó sì rí i pé ó kọ̀, oorun á dá lójú rẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ọmọ gidi kò jẹ àǹfààní rẹ̀. Kí ló dé?

Ẹni tó bá ti wọ yàrá ìgbẹ̀bí rí kò ní jìnnà lọ wá ìdáhùn. Níbi ìdánwò, ọmọlangidi wà lórí tábìlì, báàgì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iná mọ́lẹ̀ kedere, ẹnìkan sì ti sọ fún ọ pé ọmọ tó ń bọ̀ yìí kò ní mí. Ní yàrá ìgbẹ̀bí, ó lè jẹ́ aago mẹ́ta òru, kí obìnrin méjì máa rọbí pọ̀, kí agbẹ̀bí kan ṣoṣo wà níbẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ ìyá máa dà, kí báàgì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹni tó lọ sílé mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó ṣe ìkéde pé ọmọ tó kàn ni kò ní mí. Púpọ̀ ọmọ ló ń jáde tí wọ́n ń ké, tí wọ́n ń ta ẹsẹ̀, nítorí náà ọwọ́ kì í ṣe iṣẹ́ yẹn lójoojúmọ́. Èyí tí ọwọ́ kì í ṣe lójoojúmọ́, ọwọ́ á gbàgbé rẹ̀, bí orí tilẹ̀ ṣì rántí. Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, ti kọ̀wé lórí ìgbàgbé láti ọdún 1885. Ara rẹ̀ ló fi dánwò: ó há àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ sórí, ó sì ń wọn bí wọ́n ṣe ń yọ́ kúrò lórí rẹ̀. Ìyára ìgbàgbé pọ̀ jù ní ìbẹ̀rẹ̀, láàárín wákàtí díẹ̀ àti ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́. Ohun tó ń dá a dúró ni kéèyàn máa padà sídìí ẹ̀kọ́ náà léraléra, kí àlàfo sì wà láàárín ìpadàbọ̀ kan àti òmíràn. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí a ti mọ èyí, síbẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì léraléra la ṣì ń ṣe.

Àwa náà mọ sẹ́mínà tiwa. Hòtẹ́ẹ̀lì ló máa ń jẹ́, nítorí pé gbọ̀ngàn ọ́fíìsì kò ní ẹ̀rọ amúlétutù tó dára. Wọ́n á pín báàgì tí jọ́tà àti báírò wà nínú rẹ̀. Alága á dé ní wákàtí kan àtààbọ̀ lẹ́yìn àkókò tí wọ́n dá, wọn á sì tún bẹ̀rẹ̀ látorí ìdánimọ̀. Olùkọ́ àkọ́kọ́ á ṣí PowerPoint, á sì kọ ẹ̀yìn sí àwùjọ, á máa kà á bí ẹni ń ka ìwé mímọ́. Lẹ́yìn tíì àárọ̀ ni olùkọ́ kejì á sọ pé nítorí àkókò òun á fo nǹkan díẹ̀, ohun tó máa ń fò sì ni ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti yẹ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù. Oorun. Ìbéèrè mẹ́ta, tí méjì nínú wọn jẹ́ ìwàásù. Lẹ́yìn ìyẹn ni fọ́tò, sáátífíkéètì, àti owó ọkọ̀. Mi ò fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn olóye tó nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ wọn ló pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ni níbẹ̀. Àmọ́ ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ tipẹ́: ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Ní Haydom, wọn kò pe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kejì tó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èyí ni mo rò pé ọ̀pọ̀ ọ̀gá á kọ́kọ́ ronú sí: tí ọjọ́ kan kò bá tó, ẹ jẹ́ ká ṣe ọjọ́ márùn-ún. Wọ́n ṣe òdìkejì rẹ̀. Láti oṣù kejì ọdún 2011, wọ́n gbé ọmọlangidi náà kúrò ní kíláàsì, wọ́n gbé e sí inú yàrá ìgbẹ̀bí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọmọ gidi ti ń jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lọ́sẹ̀ ni wọ́n ní kí agbẹ̀bí fi ṣe é, méjì-méjì: ẹnìkan á mú ọmọlangidi, èkejì á ṣiṣẹ́, wọn á sì pààrọ̀. Ogójì ìṣẹ́jú sì wà lóṣù kọ̀ọ̀kan láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fúnra wọn ló ń darí rẹ̀. Kò sí àlejò láti Dar es Salaam, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti òkè òkun, tó ń wá lóṣooṣù.

Wọ́n wá fi ọdún kan ṣáájú wé ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀. Ìbímọ bíi 4,800 ló wà nínú ọdún kọ̀ọ̀kan. Iye ọmọ tí wọ́n ra lẹ́yìn kí wọ́n lè jí gòkè láti ìdá 14.5 sí 16.3 nínú 100. Èyí tí wọ́n fa omi kúrò lẹ́nu wọn gòkè láti 13.0 sí 15.8. Iye tó nílò báàgì sì wálẹ̀, láti 7.3 sí 5.9. Ẹ dúró díẹ̀ lórí nọ́ńbà tó kẹ́yìn yẹn. Ẹni tó bá rò pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ báàgì gbọ́dọ̀ mú kí wọ́n máa lo báàgì púpọ̀ sí i á rò pé ètò náà kùnà. Ṣùgbọ́n àlàyé tó dà bíi pé ó tọ́ ni pé ọwọ́ tó tètè nu ọmọ gbẹ, tó tètè rà á lẹ́yìn, ti jí ọ̀pọ̀ ọmọ kí ọ̀rọ̀ wọn tó di ti báàgì. Iye ọmọ tó kú láàárín wákàtí 24 wálẹ̀ láti 11.1 nínú 1,000 sí 7.2. Ìwádìí tó ń fi àtẹ̀yìnwá wé ìsinsìnyí nìyẹn, kò sì sí ilé ìwòsàn kejì tí wọ́n fi wé e lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà nǹkan mìíràn lè ti yí padà lọ́dún yẹn. Síbẹ̀, ọmọlangidi kan náà ni, ilé ìwòsàn kan náà ni, ẹ̀kọ́ kan náà ni. Ohun tí wọ́n pààrọ̀ kò ju ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ lọ, àti iye ìgbà tí wọ́n ń padà sídìí rẹ̀.

Ohun tí èyí sọ fún ẹni tó ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ le ju bó ṣe rí lójú lọ. Ó ń sọ pé kíláàsì tó dùn kò tó. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan ti Haydom dùn, ó múni lọ́kàn, ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì yege. Gbogbo ohun tí àwọn ìwé nípa kíkọ́ àgbàlagbà sọ pé ká ṣe ló wà níbẹ̀. Àmọ́ ó parí nígbà tí ilẹ̀ ṣú, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ní ibòmíràn.

Ogun àgbáyé kejì ti fipá mú àwọn ará Amẹ́ríkà kọ́ irú nǹkan báyìí rí. Ní 1940, wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Training Within Industry, lábẹ́ Channing Dooley. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń lọ sógun, àwọn tí kò ṣiṣẹ́ iléeṣẹ́ rí, tí obìnrin pọ̀ nínú wọn, ló ń bọ̀ wá rọ́pò wọn, àwọn fóòmáànù tó yẹ kó kọ́ wọn kò sì mọ̀ ju kí wọ́n pariwo lọ. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe fún àwọn fóòmáànù yìí kò ju wákàtí mẹ́wàá lọ, wákàtí méjì lẹ́ẹ̀kan, ìgbà márùn-ún, ènìyàn mẹ́wàá nínú kíláàsì. Nígbà tí ètò náà fi parí ní 1945, ó ti lé ní mílíọ̀nù 1.6 ènìyàn tó gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀.

Ìjókòó àkọ́kọ́ rẹ̀ ló wù mí jù. Olùkọ́ á pe ẹnìkan síwájú, á sì sọ fún un pẹ̀lú ẹnu lásán bí a ṣe ń so kókó kan tí àwọn oníná máa ń so sínú wáyà, kí wáyà náà má baà já kúrò nídìí rẹ̀ tí èèyàn bá fà á. Ó ṣàlàyé, ọ̀tún ń gba iwájú, òsì ń gba ẹ̀yìn. Ẹni yẹn ò ní lè so ó. Lẹ́yìn náà á pe ẹlòmíràn, á sì fi hàn án láìsọ̀rọ̀. Ó so ó lójú rẹ̀ kíákíá. Ẹni yẹn náà ò ní lè so ó. Gbogbo kíláàsì á ti máa rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀nà méjèèjì yìí ni àwọn fúnra wọn ti ń fi kọ́ ọmọ iṣẹ́ wọn láti ọdún tó ti pẹ́. Ìgbà yẹn ni olùkọ́ á wá ṣe é bó ṣe yẹ: á fọkàn ẹni yẹn balẹ̀, á bi í ohun tó ti mọ̀, á fi hàn án lẹ́sẹẹsẹ, á tọ́ka sí ibi tó ta kókó, á jẹ́ kó ṣe é, kó tún un ṣe, kó máa sọ ohun tó ń ṣe àti ìdí rẹ̀, lẹ́yìn náà á fi í sílẹ̀, á sì máa yọjú wò ó. Kókó náà á so. Láti ìjókòó kejì lọ, olúkúlùkù gbọ́dọ̀ mú iṣẹ́ kan wá láti iléeṣẹ́ tirẹ̀, kó sì kọ́ ẹlòmíràn nínú kíláàsì ní iṣẹ́ náà. Káàdì kékeré tó ń bọ́ sí àpò ni wọ́n fún wọn, ọ̀rọ̀ kan tó wà lórí rẹ̀ sì di mímọ̀: bí òṣìṣẹ́ kò bá kọ́ ọ, olùkọ́ kò tíì kọ́ni ni. Lẹ́yìn ogun, àwọn ará Japan mú ètò yìí lọ́kùn-únkúndùn ju àwọn tó dá a sílẹ̀ lọ, Toyota wà nínú wọn.

Àwọn kan á ní ìkọ́ṣẹ́ tiwa ti ṣe gbogbo èyí tipẹ́. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ kì í fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Pépà ló máa ń kọ́kọ́ rán, láìfi òwú sí abẹ́rẹ́, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi mọ bí wọ́n ṣe ń wa máṣíìnì. Lẹ́yìn ìyẹn ni bọ́tìnnì àti ìṣẹ́tí, kó tó dórí aṣọ ìyàwó. Ibi iṣẹ́ gan-an ni kíláàsì rẹ̀. Kò sí ìrìnàjò kankan láàárín ibi tó ti kọ́ ọ àti ibi tó ti fẹ́ lò ó. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá wọn yìn ín kọjá ibi tó yẹ. Mélòó nínú ọdún mẹ́ta tí ọmọ yẹn lò ló fi gbé ọmọ ọ̀gá pọ̀n, tó fi lọ ra epo jẹnẹrétọ̀? Ọ̀gá mìíràn á sì lé e jáde nígbà tó bá kan kíkọ́ bí a ṣe ń gé aṣọ, kí ọmọ iṣẹ́ má baà mọ̀ ọ́n ju òun lọ. Ọ̀pọ̀ ló ṣe fríidọ̀mù, tí wọ́n jó, tí wọ́n gba ìwé, tí ọwọ́ wọn kò sì tíì dá agbádá kan gé. Ohun tí ètò àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn fi kún un ni pé ọ̀gá náà gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń kọ́ni. Àwa gbà pé ẹni tó mọ iṣẹ́ ti mọ bí a ṣe ń kọ́ ọ.

Ibì kan tún wà tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò ti lè ṣe nǹkan kan rárá. Robert Mager, tó kọ ìwé púpọ̀ lórí kíkọ́ni níbi iṣẹ́, máa ń béèrè ìbéèrè kan tí mo fẹ́ràn: bí ẹ̀mí òṣìṣẹ́ yìí bá wà nínú rẹ̀, ṣé á lè ṣe é? Bó bá lè ṣe é, a jẹ́ pé kì í ṣe àìmọ̀ ló ń dà á láàmú. Ó lè jẹ́ pé kò sí irinṣẹ́, tàbí pé ọ̀gá rẹ̀ máa ń bá a wí tó bá ṣe é bó ṣe yẹ, tàbí pé ẹni tí kò ṣe é rárá ló ń gba ìgbéga. Bí báàgì bá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì, kọ́kọ́rọ́ ni kí wọ́n lọ wá. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ìwà pẹ̀lẹ́ sí oníbàárà fún ọjọ́ méjì, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé náà kì í sì í ṣiṣẹ́ fún ìdajì ọjọ́. Wọ́n padà síbi iṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́, ẹ̀rín náà kò tó ọjọ́ mẹ́ta.

Kí ló wá mú kí sẹ́mínà hòtẹ́ẹ̀lì má kú? Owó àti ìwé ni. Ní Nàìjíríà, òfin Industrial Training Fund, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1971, ní kí iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa san ìdá 1 nínú 100 owó oṣù tí wọ́n ń san lọ́dún. Tí iléeṣẹ́ náà bá fi ẹ̀rí hàn pé òun kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ òun bó ṣe yẹ, ó lè gba tó ìdajì rẹ̀ padà. Àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí gbọ́dọ̀ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó lè sọ láísẹ́ǹsì wọn dọ̀tun lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta. Kò sí ohun tó burú nínú èrò yìí. Ó dára ju kí a má béèrè nǹkan kan lọ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìwé tí ènìyàn fọwọ́ sí láàárọ̀ rọrùn láti fi hàn, ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ́sẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kò rọrùn láti fi hàn. Òṣìṣẹ́ náà kò sì ní kọ ọjọ́ méjì kúrò lẹ́nu iṣẹ́, pẹ̀lú owó ọkọ̀ tó fi ń ran owó oṣù lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ padà sí ẹnu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun ń gba nǹkan lọ́wọ́ wọn, kó sì ronú ohun tí òun á fi dípò rẹ̀.

Donald Kirkpatrick ti Yunifásítì Wisconsin ti tò ó lẹ́sẹẹsẹ láti 1959: ṣé ó dùn mọ́ wọn, ṣé wọ́n kọ́ nǹkan, ṣé ìṣe wọn yí padà lẹ́nu iṣẹ́, ṣé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sunwọ̀n sí i. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pín fún wa kí a tó gba sáátífíkéètì kì í kọjá ti àkọ́kọ́, ìbéèrè nípa oúnjẹ sì máa ń wà nínú rẹ̀. Haydom dé ìkẹta, ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Bí wọn kò bá débẹ̀, wọn ì bá ṣì máa fi ìdá 74 yangàn dòní.

Ká fi iṣẹ́ mìíràn ṣe àpẹẹrẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ti agbẹ̀bí nìkan ni. Ká ní báńkì kékeré kan ní kí n bá àwọn ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn tó ń dúró ní káńtà, nítorí pé oníbàárà ń bínú lórí tíránsífà tí wọ́n yọ owó rẹ̀ tí kò sì wọlé síbi tó ń lọ. Mi ò ní kọ́kọ́ wá gbọ̀ngàn. Màá lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà láàárọ̀ Monday, màá wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ gan-an. Ó ṣeé ṣe kí n rí i pé kì í ṣe èébú ló ń bà á jẹ́. Ó lè jẹ́ pé òṣìṣẹ́ kò béèrè nọ́ńbà ìdúnàádúrà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé, tàbí pé ó sọ pé kí oníbàárà padà wá láìdá ọjọ́. Ẹyọ nǹkan kan yẹn ni màá mú. Kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀: ẹnìkan á ṣe oníbàárà, ìyá oníṣòwò tí wọ́n yọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin náírà rẹ̀, tó sì gbọ́dọ̀ san owó ọjà lọ́sàn-án yẹn, èkejì á dá a lóhùn láti ojú kọ̀ǹpútà tó ń lò lójoojúmọ́, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù gidi. Mánijà náà gbọ́dọ̀ ṣe é, kó sì jẹ́ òun ni wọ́n á kọ́kọ́ bú. Bí òun bá kọ̀, ó sàn kí n má bẹ̀rẹ̀ rárá, torí pé gbogbo wọn á ti mọ̀ pé eré ni. Ohun tí màá kà kò ní jẹ́ iye ẹni tó wá. Iye oníbàárà tó padà wá lórí ẹjọ́ kan náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni màá kà, ìwé ẹ̀sùn báńkì náà sì ti ní in lọ́wọ́.

Kíláàsì gígùn kì í ṣe ohun àjùnù o. Ẹni tó fẹ́ lóye òfin owó-orí tuntun gbọ́dọ̀ jókòó kàwé, kó gbọ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n, kó jiyàn. Ìpàdé hòtẹ́ẹ̀lì pàápàá ní ire tirẹ̀: agbẹ̀bí Ìṣẹ́yìn á bá ti Ìkàrẹ́ pàdé, wọn á gba nọ́ńbà ara wọn, ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ọ̀kan á pe èkejì lóru lórí aláìsàn tó ń dà á láàmú. Kí wọ́n ṣáà má pe ìyẹn ní ìkọ́ṣẹ́.

Ní Tànsáníà, ọ̀rọ̀ náà kò dúró sí Haydom. Lọ́dún 2025, The New England Journal of Medicine gbé èsì ètò kan jáde tó ti ibẹ̀ wá, Safer Births Bundle of Care, tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 30 ní ẹkùn márùn-ún. Ìdánrawò kúkúrú léraléra lẹ́nu iṣẹ́ ni òpó rẹ̀, pẹ̀lú irinṣẹ́ tuntun díẹ̀, àti nọ́ńbà ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń gbé padà síwájú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n á fi dánra wò lẹ́yìn náà. Ikú ọmọ nígbà ìrọbí àti kété lẹ́yìn ìbí wálẹ̀ láti 15.3 sí 12.5 nínú 1,000. Kò rí bákan náà ní gbogbo ẹkùn. Àwọn ibì kan jèrè púpọ̀, àwọn mìíràn díẹ̀. Bí mo bá jẹ́ ọ̀gá ilé ìwòsàn, ìyàtọ̀ yẹn ni màá lọ wádìí, màá sì bẹ̀rẹ̀ látorí ìwé tí wọ́n fi ń kọ ẹni tó dánra wò lọ́sẹ̀ yìí àti ẹni tí kò ṣe é.